Olúbọ̀dé Lọ Wo Pákó ní Rígà

Ọdún méjìlélógún ni Olúbọ̀dé fi wa fọ́kìlífìtì ní River Road, ní Barking, ní London. Pákó ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá á gbé pákó dé láàárọ̀, Olúbọ̀dé á ki irin méjì tó wà níwájú fọ́kìlífìtì bọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e sọ̀, á tò ó. Bí ó bá di ọ̀sán, àwọn mìíràn á wá kó o lọ. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ orin nípa rẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ ìdì pákó náà, òǹtẹ̀ dúdú kan á wà níbẹ̀: RIGA. Lẹ́tà mẹ́rin. Olúbọ̀dé kò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́fà ló kà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlagi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin kì í ṣe ẹrù fún ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ló ń kà á. Ó kà á ju bó ṣe ka Sáàmù kẹtàlélógún lọ, Sáàmù yẹn ló sì mọ̀ jù.

Pákó náà kò jọ ti ilé. Pákó ìrókò a máa múni sín. Ti Rígà ń rùn bí òògùn ikọ́. Olúbọ̀dé a máa bi ara rẹ̀ pé irú ìlú wo ló ní igi tó pọ̀ tó báyìí, tí wọ́n ń gé e lójoojúmọ́ tí kò tán. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan pé níbo gan-an ni Rígà wà. Ọ̀gá ní ọ̀nà ọ̀hún ni, ó sì nawọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n fún un ní káàdì tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, àti ife kan. Ìfẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bi í pé ibo ló fẹ́ kí òun rán an lọ sinmi. Ó dárúkọ Dubai, ó dárúkọ Jerúsálẹ́mù.

"Rígà," ni Olúbọ̀dé wí.

"Níbo nìyẹn, Dádì?"

"Ibi tí pákó ti ń wá."

Ìfẹ́ wo inú fóònù rẹ̀. Ó rí ìlú náà. Ó ní ìlú èbúté àtijọ́ ni, lọ́nà Òkun Bọ́ltíìkì, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wo ilé ayé àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹwà ìlú náà sókè. Olúbọ̀dé ní kí ó fo ìyẹn, kí ó wò ó bóyá pákó wà níbẹ̀.

Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Àdùnní, ìyàwó rẹ̀, kò bá a lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, orúnkún rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó ní, "Kí ni mo gbàgbé síbẹ̀ tí mo fẹ́ lọ mú?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ parí nílé ni o. Kò parí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ Aládúrà tí wọ́n ń lọ wà ní Becontree Heath, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń háyà. Ní Sátidé, àwọn kan á jó níbẹ̀. Ní Sọ́ńdè, Olúbọ̀dé á kọ́kọ́ dé, á gbá ilẹ̀, á to àga, á bọ́ bàtà, á wọ aṣọ funfun. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é. Ní ọdún yìí, ipò Baba Ìjọ ṣí sílẹ̀, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kent. Ìgbìmọ̀ àgbà sọ pé Olúbọ̀dé ni àwọn máa fi jẹ ní ọjọ́ ìkórè. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àdùnní ti ra aṣọ funfun tuntun àti àmùrè aláwọ̀ sánmà fún un.

Kí a sọ òótọ́, Olúbọ̀dé fẹ́ ipò náà. Bàbá rẹ̀ la pákó títí ó fi kú, kò joyè, kò jẹ baálẹ̀, wọn kò fi ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan. "Ọ̀gbẹ́ni" ni wọ́n kọ sí ibojì rẹ̀. Olúbọ̀dé kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní nǹkan kan kí òun tó kú.

Òfin kan wà lórí oyè náà. Baba Ìjọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ aya kan, tí ilé rẹ̀ tòrò. Wọ́n ti fi ẹnì kan jẹ ẹ́ rí tí wọ́n wá bá ilé kejì rẹ̀ ní Leeds, àti ọmọ méjì tó jọ ọ́ dé èékánná. Láti ìgbà yẹn, bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ tí ewé mì, wọ́n á ní ejò ni.

Báyìí, láàárín àwọn èèyàn wa, ohun mẹ́rin ló ń gbé àgbà kúrò nílé: iṣẹ́, òkú, ìgbéyàwó, àti ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá rìnrìn àjò láìsí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkarùn-ún ló ń wá, ìkarùn-ún kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ níwájú ọmọdé.

Ìyá Gbémi ló kọ́kọ́ bi í. Òun ni olórí àwọn obìnrin ìjọ. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ohun tó bá gbọ́ ní Dagenham láàárọ̀, á ti dé Barking kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó bi Olúbọ̀dé pé ta ló ní sí Rígà. Olúbọ̀dé ní òun kò ní ẹnì kankan. Ó bi í pé ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú.

"Kí wá lẹ fẹ́ lọ ṣe, Bàbá?"

"Mo fẹ́ lọ wòran ni."

Ìyá Gbémi wò ó bó ṣe máa ń wo èrò tó bá ní káàdì òun sọnù. Ó bi í bóyá Mọ́mì Ìfẹ́ ń bá a lọ. Olúbọ̀dé ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà hu ẹsẹ̀ kan lójú ẹsẹ̀. Ó ku èkejì kó máa rìn.

Ọjọ́rú ló gbéra. Àdùnní di ìpékeré sí ọ̀rá ńlá kan, ó tì í bọ inú báàgì ọkọ rẹ̀. Ó ní a kì í lọ sílùú onílùú lọ́wọ́ òfìfo. Olúbọ̀dé ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni tí òun máa fún. Àdùnní ní ẹni tó bá rí níbẹ̀ ni kó fún.

Ní ẹ́ápọ́ọ̀tù Rígà, ọlọ́pàá ààlà kan, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n pupa, gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó bi í pé ta ló wá kí. Olúbọ̀dé ní kò sí. Ó bi í pé kí ló wá ṣe. Olúbọ̀dé ní pákó ni òun wá wò. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí: ọdún méjìlélógún, ìdì pákó, òǹtẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tó gbé e lé ẹ̀rọ tí ń ya ìka. Ó ní bàbá tòun náà ń bá igi ṣiṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, ó ní kó máa lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá yìí dúró síbẹ̀ ná. A máa nílò rẹ̀.

Ìfẹ́ ti forúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìlú àtijọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó bá wọn níbi tí wọ́n kóra jọ sí. Obìnrin kan ni amọ̀nà wọn, ó gbé agbòòrùn aláwọ̀ ìyeyè sókè, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn. Wọ́n ń tẹ̀lé agbòòrùn yìí bí ọmọ adìyẹ. Òkúta roboto ni wọ́n fi tẹ́ títì níbẹ̀, ẹsẹ̀ kì í balẹ̀ lórí rẹ̀. Amọ̀nà ní ẹwà ìlú náà nìyẹn. Bí wọ́n bá tẹ́ irú rẹ̀ sí Goresbrook tí Olúbọ̀dé ń gbé, gbogbo àdúgbò á kọ̀wé fẹjọ́ sun káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn.

Wọ́n dé iwájú ilé pupa kan tó ga fíofío, tí wọ́n fi ère àti ohun dídán bí wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Amọ̀nà ní ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje tí ilé ti wà lórí ilẹ̀ náà. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán ni ó tó sọ pé bọ́ǹbù wó o nígbà ogun, wọ́n kó àwókù rẹ̀ dànù, wọ́n sì tún un kọ́. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́ ọ parí.

Olúbọ̀dé ṣírò rẹ̀. Ilé tí òun ń gbé ní Goresbrook, káńsù ti kọ́ ọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò wó rí. Ilé ìwẹ̀ nìkan ló ń jò. Kò sì sẹ́ni tó gbé agbòòrùn wá síwájú rẹ̀ rí.

Amọ̀nà ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí kò tíì gbéyàwó ló ni ilé náà láyé àtijọ́. Àpọ́n ni gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá gbéyàwó, ó jáde nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ó ní ẹni mímọ́ tí wọ́n fi ṣe alábòójútó wọn jẹ́ jagunjagun dúdú kan láti Áfíríkà, Mọ́rísì lorúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìyẹn lára òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe sọ pé "dúdú," gbogbo wọn yíjú sí Olúbọ̀dé, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà. Wọ́n ní kó wá dúró síbẹ̀. Amọ̀nà fi apá kọ́ ọ lápá, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi fóònù Olúbọ̀dé ya wọ́n.

Fọ́tò náà dára. Olúbọ̀dé wà níbẹ̀ nínú kóòtù tó ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, obìnrin òyìnbó kan sì rọ̀ mọ́ ọn lápá. Ère Mọ́rísì kò hàn. Orí amọ̀nà bò ó.

Clement ló fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ìjọ kí wọ́n lè máa gbàdúrà fún un. Clement ni akọ̀wé ìjọ. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kó kéde pé iná ti kú, á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ìmọ́lẹ̀. Olúbọ̀dé ní tirẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó fi fọ́tò náà sí i, ó fi ránṣẹ́:

"Mo ti dé. Ilé ẹgbẹ́ àwọn àpọ́n nìyí. Wọ́n gbà mí dáadáa."

Ó wá pa fóònù, torí ó gbàgbé cháájà sílé. Kò tàn án mọ́ títí ó fi padà sí London.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn alágbòòrùn ń lọ wo ilé mìíràn. Olúbọ̀dé kò bá wọn lọ. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé "pákó," ní gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ọgbà kan létí odò. Odò ńlá ni. Ó bi ẹnì kan pé ṣé òkun nìyẹn. Wọ́n ní rárá o, òkun ṣì jìnnà níwájú. Ìlú èbúté tí òkun kò sí nítòsí rẹ̀. Olúbọ̀dé kò bínú. Òun kò bá ti òkun wá.

Pákó wà nínú ọgbà náà. Ìdì lórí ìdì, ó ga bí ilé alájà mẹ́ta, òórùn òògùn ikọ́ gba gbogbo ibẹ̀. Fọ́kìlífìtì mẹ́rin ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró sí ẹ̀yìn wáyà, ó ń wò wọ́n fún odindi wákàtí kan. Ọ̀kan nínú wọn ń yára jù ní kọ́nà. Olúbọ̀dé mi orí.

Nígbà tí awakọ̀ kan jáde wá mu sìgá, Olúbọ̀dé na ìka sí fọ́kìlífìtì, ó na ìka sí àyà ara rẹ̀. Ọkùnrin náà kò gbà á gbọ́. Ni Olúbọ̀dé bá gbé ọwọ́ sókè, ó fi ọwọ́ ṣe àmì tí wọ́n fi ń darí awakọ̀ bí kò bá ríwájú: gbé e, rọra, yà á sọ́tùn-ún díẹ̀, sọ̀ ọ́. Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀, irú èyí tí ń túmọ̀ èdè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Olúbọ̀dé bi í pé níbo ni igbó wà ní Rígà, tí wọ́n ti ń gé gbogbo igi yìí. Ọkùnrin náà tẹ fóònù. Fóònù dáhùn pé kò sí igi ní Rígà. Igbó tó jìnnà réré ni pákó ti ń wá. Wọ́n kàn ń tẹ òǹtẹ̀ sí i níbí ni.

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó gbogbo ìpékeré Àdùnní fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó padà wọlé, ó mú ègé pákó kan jáde, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òǹtẹ̀ náà wà lára rẹ̀ ketekete. Olúbọ̀dé fi í sápò. Ohun tó bá wá nìyẹn. Ó ti rí i.

Sátidé ló padà dé Goresbrook. Ó bá kúlà márùn-ún ní kíṣínì: ìrẹsì, ẹ̀fọ́, mọ́ínmọ́ín, ọbẹ̀ adìyẹ, ìrẹsì mìíràn. Ó bi Àdùnní pé ta ló ń ṣe ìnáwó.

Àdùnní ní òun ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àwọn obìnrin ìjọ ti ń wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á gbé kúlà sílẹ̀. Wọ́n ní Bàbá ti lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́ àwọn àpọ́n lókè òkun, àti pé ìyàwó òyìnbó náà kò tilẹ̀ tó Ìfẹ́ lọ́jọ́ orí. Bí fóònù rẹ̀ sì ṣe kú yẹn, wọ́n ní àmì nìyẹn.

"Ṣé o ò sọ fún wọn pé pákó ni mo lọ wò?"

"Mo sọ. Ìyá Gbémi dì mọ́ mi. Ó ní kí n má bo àṣírí yín mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

Àdùnní ń bu ìrẹsì. "Bàbá Ìfẹ́, obìnrin wo ni yóò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ pákó yín? Èmi nìkan ni irú ìyà yẹn ń jẹ."

Wọ́n jẹ ìrẹsì ìbánikẹ́dùn náà. Ó dùn.

Clement wá ní ọjọ́ Ajé. Ó jókòó sí etí àga, ó fi ohùn ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Sátidé, àti pé bí nǹkan ṣe rí yìí, oyè ti ń bọ́ lọ́wọ́ Baba. Ṣùgbọ́n òun ti ronú sí i. Ó yọ ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́ ni pé àgbàlagbà lọ wòran. Bí ó bá jẹ́ ìrìn àjò ẹ̀mí, gbogbo wọn á gbà. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Baba kò ní sọ ohunkóhun. Òun á kà á, Baba á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Clement, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Kì í ṣe irọ́, Baba. Àlàyé ni."

Olúbọ̀dé ní kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí Clement lọ, ó fi ìka tẹ̀lé ìwé náà láti ìlà dé ìlà. Ó bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta pàdé tí kò mọ̀, ó sì bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀, ara tí kò mọ̀ rárá. Ọkùnrin inú ìwé náà ń kúnlẹ̀, ó ń ké, ó ń rí ìran. Ẹni tó yẹ kó jẹ Baba Ìjọ ni lóòótọ́.

Ó wọ yàrá, ó yọ aṣọ funfun tuntun, ó wọ̀ ọ́, ó di àmùrè mọ́ ọn. Ó dúró níwájú dígí. Ó rántí ibojì bàbá rẹ̀, ó rántí "Ọ̀gbẹ́ni." Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun: bẹ́ẹ̀ ni. Àdùnní kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó bá yín mu," ló wí, ó sì kọjá lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni ìgbìmọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn. Àgbà márùn-ún ni wọ́n, Ìyá Gbémi sì wà níbẹ̀ fún àwọn obìnrin. Olùṣọ́ ìjọ ló jókòó sáàárín. Àdùnní jókòó sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àga mìíràn. Clement dìde, ó tún ọ̀fun ṣe.

Ó ní ní etí Òkun Bọ́ltíìkì, níbi tí ìjì ti ń bú bí kìnnìún, ìránṣẹ́ Ọlọ́run yìí kúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu, ó ń dárúkọ ìjọ yìí sí etí ìgbì. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò láya, tí wọ́n ń rìn káàkiri ìlú náà bí àgùntàn tí kò ní darandaran, Baba wọ inú ilé wọn lọ, ó wàásù fún wọn. Ó ní obìnrin inú fọ́tò yẹn ni àkọ́so nínú àwọn tó ronú pìwà dà. Ó kà á dé òpin ìwé kìíní, àmín ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Nígbà tó máa fi ka ìwé kejì tán, Ìyá Gbémi ń nu ojú. Ó ní òun ti rí gbogbo rẹ̀ lójú àlá ní Ọjọ́bọ̀, òun kàn rò pé oúnjẹ tí òun jẹ ni.

Olùṣọ́ yíjú sí Olúbọ̀dé. "Baba, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Olúbọ̀dé wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ó ti dé ahọ́n. Ọlọ́pàá onírùngbọ̀n pupa yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò bá a gbàdúrà rí, tí kò jẹ ìrẹsì ìkórè rẹ̀ rí, gbà á gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn wọ̀nyí, ọdún mọ́kànlá.

"Rárá," ló wí. "Pákó ni mo lọ wò."

Olúbọ̀dé ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mo jẹun níbẹ̀. Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ. Kò sí òkun níbẹ̀, odò ni. Obìnrin yẹn ni amọ̀nà wa, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àpọ́n ọ̀hún ti kú láti ọjọ́ pípẹ́."

Ó fa ègé pákó náà yọ lápò, ó gbé e lé tábìlì. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àgbà kan gbóòórùn rẹ̀. Ìyá Gbémi fi í kan orúnkún, ó béèrè bóyá fún ìwòsàn ni. Olúbọ̀dé ní pákó ni. Ó padà jókòó. Ohun tó ní láti sọ ti tán, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi là á.

Olùṣọ́ ní wọn á fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ìjọ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi sínú àdúrà báyìí kì í jáde mọ́.

Àmọ́ ìwé méjì yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn. Ìgbì òkun náà, kìnnìún náà, wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri. Ìyá Gbémi ló kọ́kọ́ wí i jáde. Ó ní bí Bàbá kò bá tilẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé, Ẹ̀mí ṣáà fi í han ẹnì kan tó fi rí i kọ. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ní ọjọ́ ìkórè, Clement ni wọ́n fi jẹ Baba Ìjọ.

Olúbọ̀dé ti gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti to àga. Aṣọ funfun tuntun ló fi gbálẹ̀. Ó ní aṣọ ni, wọ́n rà á láti wọ̀ ni. Wọ́n gbé àga Baba Ìjọ síwájú, Clement jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà kò tẹ́jú. Bí Clement bá ti gbé ohùn sókè, àga á mì sí ọ̀tún. Bó bá rẹ ohùn sílẹ̀, á mì sí òsì. Àwọn ọmọdé ti ń rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé faradà á dé ìwọ̀n tó lè fara dà á. Ẹni tó bá ti to pákó fún ọdún méjìlélógún, kò lè máa wo ẹrù tó fẹ́ ṣubú. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, ó fi ègé pákó rẹ̀ há abẹ́ ẹsẹ̀ àga kan. Àga dúró gbọn-in.

Clement fi orí dúpẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó kéde pé ní ọdún tó ń bọ̀, ìjọ máa lọ ṣe ìrìn àjò mímọ́ sí Òkun Rígà, nínú aṣọ funfun, láì wọ bàtà. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ti fi orúkọ sílẹ̀. Olúbọ̀dé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé odò ni, òtútù sì ń mú níbẹ̀. Clement kò wẹ̀yìn.

"Baba, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òkun."

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ jẹun, Olúbọ̀dé yọ pákó rẹ̀ lábẹ́ àga, ó nù ún, ó fi í sápò. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó tún há a síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é títí di òní. Orí Rígà ni Baba Ìjọ ń jókòó sí, kò sì mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìkórè yẹn, òun àti Àdùnní jọ ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, Àdùnní ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Bàbá Ìfẹ́, ṣé Rígà nìkan ni wọ́n ń kọ sára pákó yẹn?"

Olúbọ̀dé ronú. Ó ní rárá. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ Klaipeda, orúkọ ìlú mìíràn, sí. Ìdì tiwọn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n pákó gidi ni, kì í ní kókó lára.

Bọ́ọ̀sì ti ń yọ lókèèrè.

"Ṣé òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì tiwọn náà?" ni Àdùnní bi í.

Ó ní òun kò mọ̀. Àwọn á bi Ìfẹ́ kó wò ó nínú fóònù.